Ìdá Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Tó Kù Lára Ẹ̀rọ

Inú ọkọ̀, ní èbúté
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ara mi le, mo ń jẹun, mo sì ń sùn dáadáa. Nígbà tí mo pè lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní Màmá ń béèrè ohun tó ń jẹ́ “òpin ẹrù” tí mo máa ń fẹnu bà ṣáá bí ẹni tó ń ka àdúrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra ka èyí sí wọn létí.

Òpin ẹrù ẹ̀rọ ni ibi tí iṣẹ́ tí a gbé lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ dúró sí, kí ẹ̀rọ náà lè ṣe é lónìí, kó sì tún lè ṣe é lọ́la. Kì í ṣe ibi tí agbára rẹ̀ parí sí o. Ẹ̀rọ lè kọjá ibẹ̀. Ó lè kọjá ibẹ̀ fún odidi wákàtí kan kó má ké, kó má sì gbọ̀n, ṣùgbọ́n inú ló ti ń jẹ ara rẹ̀. Ẹ̀rọ tiwa ga tó ilé alájà mẹ́ta. Sìlíńdà mẹ́fà ló ní, ihò irin tí epo ti ń jó, àgbàlagbà sì lè nàró nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Òun ló ń yí póròpélà, irin abẹ́ omi tó ń ti ọkọ̀ síwájú. Bí ọ̀nà bá mọ́ fún ọkọ̀, ẹ̀rọ á máa yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí nǹkan bá ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, epo tó ń jẹ á pọ̀, ooru rẹ̀ á ga, yíyí rẹ̀ á sì falẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀gá ẹnjiníà, ìyẹn èmi, ni kó máa wo bó ṣe ń yí àti bó ṣe ń gbóná, kó wò wọ́n pọ̀, kó má gba ọ̀kan gbọ́ láìbi èkejì léèrè.

Lọ́dún yìí, nǹkan ń fà wá sẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́tàlélógójì la fi dákọ̀ró sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí à ń retí ẹrù. Bí ọkọ̀ bá dúró pẹ́ báyẹn, ìsáwùrú wẹ́wẹ́ àti ewé omi á hù sí i nísàlẹ̀ bí irùngbọ̀n. A máa kúrò níbí lọ́jọ́ kẹjọ. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún la máa lò lójú òkun, a ò sì ní yà níbì kankan.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè kan. Ẹ ní Màmá ń sùn nígbà tí mo pè. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, tí wọ́n ti ń fọ aṣọ tí wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ fún àwọn èèyàn, n kò rí kí Màmá sùn lọ́sàn-án rí. Ṣé kò sí o? Wákàtí kan péré ni pápákọ̀ òfuurufú wà sí èbúté yìí. Bí nǹkan bá wà, ẹ sọ.

Àbúrò yín


Ilé
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta

Alákọsílẹ̀, ọkọ mi,

O kú iṣẹ́ o, o sì kú ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ka lẹ́tà rẹ fún Màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Wọ́n ní àwọn ò bá ọ jiyàn, wọ́n ní ní kékeré, bó o bá bu omi mu, o máa kọ iye ife tó o bu sára ògiri, bẹ́ẹ̀ odidi àmù omi ló wà nílẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Alákọsílẹ̀. Wọ́n wá ní kí n bi ọ́: ọkọ̀ tó hu irùngbọ̀n yìí, ṣé kò sí onígbàjámọ̀ lójú omi ni?

Ní ti oorun ọ̀sán, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ṣé kó máa fò sókè ni? Oorun kọ́ ni àrùn. Gbájú mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́, kí o má fi ọkàn méjì wọ inú ẹ̀rọ tó ga tó ilé. Gbogbo wa wà ní àlàáfíà.

Bó o bá kan ọjà níbẹ̀ kí ẹ tó ṣí, bá mi ra abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, èyí tó nípọn. Aṣọ ilé ìwé ọgọ́ta ló wà níwájú mi, gbogbo abẹ́rẹ́ ìhín sì ń ṣẹ́ bí eyín arúgbó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ilé
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta

Àbúrò mi,

N kò mọ bí mo ṣe máa kọ èyí, nítorí náà màá kọ ọ́ bó ṣe rí. Màmá ò sùn lọ́jọ́ tó o pè. Wọ́n dùbúlẹ̀ ni, nítorí wọn ò lè mí bí wọ́n bá dìde. Ó ti tó oṣù méjì. Ẹsẹ̀ wọn ló kọ́kọ́ wú. A rò pé ìdúró ìdí tábìlì aṣọ ni. Nígbà tó yá, apá ọ̀tún wọn ò gbé áyọ́ọ̀nù mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òsì lọ aṣọ, wọ́n ní kí n má pariwo. Dókítà obìnrin tó ń tọ́jú wọn sọ pé ọkàn wọn ti fẹ̀, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara mọ́. Lánàá ló fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní ọjọ́ mẹ́wàá, bí a bá rí ọ̀sẹ̀ méjì ká dúpẹ́.

Àwọn fúnra wọn ló ní kí n má sọ. “Ọmọ tó wà lókèèrè, èèyàn kì í da omi gbígbóná sí i lára.” Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Èmi náà sì rò pé ara wọn á yá kí o tó mọ̀.

Ara wọn ò yá. Máa bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Lójú òkun
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta lójú ẹ̀rọ lẹ́tà ọkọ̀, èyí tó ń gba lẹ́tà láti orí fóònù yín, kí n tó jókòó. Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ sọ fún wọn pé mo ti mọ̀, pé n kò bínú sí wọn.

Ẹ̀yin ni mo ń bínú sí. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni a ṣì lò ní èbúté lẹ́yìn tí mo béèrè lọ́wọ́ yín. Mo béèrè. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo dárúkọ pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ onígbàjámọ̀ dá mi lóhùn. Ẹ̀gbọ́n mi, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ó dáa. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí rèé. Ó di ọjọ́ kẹrìnlá tí a ti kúrò lórí ilẹ̀, ó ku mẹ́wàá. Èbúté ẹ̀yìn jìnnà ju ti iwájú lọ, nítorí náà ìpadà kò sí nínú rẹ̀. Hẹlikópítà kankan kò lè dé ibi tí a wà. Ọ̀gá ọkọ̀ ti bá ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n máa mú mi láti ẹnu àtẹ̀gùn ọkọ̀ lọ sí pápákọ̀ òfuurufú tààrà. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin la máa dé èbúté. Mo máa wà nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹ̀rọ ń ṣe ìdá márùndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀, ibẹ̀ ni òpin ẹrù rẹ̀ wà pẹ̀lú irùngbọ̀n yìí, ara rẹ̀ sì balẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ gbé ìrọ̀rí mẹ́ta sí wọn lẹ́yìn, kí wọ́n má sùn gbalaja. Ẹ máa kọ iye omi tí wọ́n ń mu.

Àbúrò yín


Ilé
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹta

Àbúrò mi,

O kú ìdààmú. Mo gba ìbínú rẹ, ó tọ́ sí mi, mo ti ká a mọ́ aṣọ mi. Ṣùgbọ́n ìwọ náà dá mi lóhùn ọ̀kan.

O ní ẹ̀rọ ń ṣe ìdá márùndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù ńkọ́? Ta ni ẹ ń tọ́jú rẹ̀ fún? Ìyá rẹ ló wà lórí ibùsùn yìí, kì í ṣe ìyá ẹlòmíì. Ṣebí ìwọ ni ọ̀gá ẹ̀rọ? Ọwọ́ rẹ kọ́ ló wà lórí rẹ̀ ni? Bí mo bá ní aṣọ láti rán fún òkú ọ̀la, n kò ní sọ pé ẹ̀rọ ìránṣọ mi kì í ju báyìí lọ. Màá tẹ̀ ẹ́ títí ó fi máa kígbe.

Má wá sọ fún mi pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí à ń fẹ̀sọ̀ mú níbí ti ń bàjẹ́ lójú mi.

Fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn kún un.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Lójú òkun
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Mo máa ṣàlàyé bí mo ṣe lè ṣe é, torí pé ẹ̀yin nìkan ni mo ní láti ṣàlàyé fún.

Lánàá, kí lẹ́tà yín tó wọlé, ọ̀gá ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sí yàrá tí a ti ń ṣọ́ ẹ̀rọ. Kì í sábà wá síbẹ̀. Ó bọ́ fìlà rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀gá ẹnjiníà ló fi pè mí, ó ní, “Ṣíìfù, ìyá ni. Bí o bá fẹ́ kọjá òpin, èmi á fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.” Bọ́tìnì kan wà lára ògiri tí a fi ń pa ohun tó ń dá ẹ̀rọ dúró ní òpin. Gíláàsì ló bò ó. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣí gíláàsì náà. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi wà lókè òpin. Ooru tó ń jáde lára sìlíńdà karùn-ún wà ní díígírì irínwó ó dín mẹ́sàn-án tẹ́lẹ̀. Ó gòkè dé irínwó lé mẹ́rìndínlógójì. Èéfín wa dúdú. Yíyí ẹ̀rọ kò fi bẹ́ẹ̀ lé sí i, torí irùngbọ̀n abẹ́ ọkọ̀ ló ń jẹ gbogbo agbára tí mo ń fi kún un. Ẹnjiníà kejì dúró tì mí. Ó kàn ń wo nọ́ńbà náà bó ṣe ń gòkè, ó sì ń wò mí. Ọmọ mẹ́rin ló ní. Mo fi ọwọ́ ara mi dín in kù.

Òkun kì í ṣe ojú títì tí ẹ̀rọ bá kú kéèyàn tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bí ìgbì bá ń bọ̀ tí ọkọ̀ ò sì lè kọjú sí i, á yí ẹ̀gbẹ́ sí i. Èèyàn méjìlélógún la jẹ́ nínú ọkọ̀ yìí.

Ẹ tún gbọ́ èyí, ìṣirò ni. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá yára sí i, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún iṣẹ́ rẹ̀. Bí omi ṣe máa ń gba owó ibodè nìyẹn. Bí mo bá rí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn kó jáde, tí mo sì mú ẹ̀rọ dúró ní ọgọ́rùn-ún láti òní títí dé èbúté, ohun tí a máa jèrè ní ọjọ́ mẹ́jọ ni wákàtí mẹ́wàá. Kì í ṣe ọjọ́ o. Wákàtí mẹ́wàá péré.

Ẹ ka èyí fún Màmá bí wọ́n bá lágbára. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ láti ẹnu mi.

Àbúrò yín


Lójú òkun
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ọjọ́ mẹ́rin rèé. Ẹ kú ìtọ́jú. Bí ẹ bínú sí mi tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ kan péré ránṣẹ́. Ẹ kọ “wọ́n wà” kí ẹ sì dákẹ́. Mo ń lọ sí yàrá ọ̀gá ọkọ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láti wo ẹ̀rọ lẹ́tà, ó ti wá di pé bó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi, á ti máa mi orí kí n tó kan ilẹ̀kùn.

Ṣé Màmá gbọ́ lẹ́tà mi? Kí ni wọ́n sọ?

Àbúrò yín


Ilé
Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹta

Wọ́n wà.

Wọ́n ní kí n gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kí ẹnikẹ́ni má jókòó lórí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fẹ́ gbé àpò rẹ̀ lé e, wọ́n wò ó lójú títí ó fi gbé e kúrò.

Máa bọ̀.


Ilé
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Àbúrò mi,

O kú ìrìn àjò, o kú àṣẹ̀yìndè Màmá. Mo gbọ́ pé o ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án tó o lò nílé, mo mọ̀ pé mi ò bá ọ sọ̀rọ̀ ju “oúnjẹ wà nínú ìkòkò” lọ. Àwọn àlejò rò pé ẹkún ló gbà mí lẹ́nu. Ìwọ mọ̀ pé kì í ṣe ẹkún.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, kó má di egbò inú. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni Màmá kú. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lo wọlé. Wákàtí méje. Ìwọ lo kọ ọ́ sínú lẹ́tà, èmi kọ́, pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn á fún wa ní wákàtí mẹ́wàá. Mo ti yọ ọ́ kúrò títí, lórí ẹ̀yìn pátánì aṣọ, lórí eruku fèrèsé. Mẹ́ta ló ń kù. O ì bá ti wọlé ní aago mẹ́jọ.

Ṣé o fẹ́ mọ ohun tó wà nínú wákàtí mẹ́ta yẹn? Ojú Màmá là. Wọ́n mu omi. Wọ́n ní rédíò aládùúgbò wa ń pariwo jù, kí n lọ sọ fún un. Wọ́n ní kọ́là ẹ̀wù mi wọ́, kí n bọ́ ọ kí àwọn bá mi tún un lọ̀. Wọ́n bi mí bóyá òjò máa rọ̀. Ọ̀rọ̀ lásán. Mo jókòó síbẹ̀ mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lásán, àga rẹ sì ṣófo.

Ìwọ tó o máa ń kọ gbogbo nǹkan, kí ló dé tó o fi kọ wákàtí mẹ́wàá yẹn sílẹ̀ fún mi?

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Inú ọkọ̀, ní èbúté
Ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìdánìkanwà ilé. Lẹ́tà yín dé ọwọ́ mi ní ọjọ́ tí a ṣí sìlíńdà karùn-ún. Nítorí náà, n kò lè dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kọ́kọ́ wo inú rẹ̀.

Ìṣirò yín tọ́. Mo tún un ṣe, ó tọ́. Mo tilẹ̀ ti fẹ́ sá sábẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, pé bóyá bí a bá tètè dé èbúté, kò ní sí ọkọ̀ òfuurufú tó bá àkókò yẹn mu. Mo lọ wò ó. Ó wà. Ọ̀kan gbéra láàárọ̀ ọjọ́ náà, àyè sì ṣì wà nínú rẹ̀.

Bí a ṣe ṣí i rèé. A fi kéréènì fa písítínì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà, jáde, a gbé e kọ́, a nù ún. Òrùka irin mẹ́rin ló máa ń yí i ká, àwọn ló ń dí iná mọ́ òkè kó má bàa sọ̀kalẹ̀. Méjì ti ṣẹ́. Wọ́n ti fa ilà sára ògiri sìlíńdà bí èékánná. Mo gba iná ìléwọ́ lọ́wọ́ ẹnjiníà kejì, mo ń wá ibi tí písítínì fúnra rẹ̀ ti sán. Mo wá a yípo. Mo fi ọ̀dà pupa tí a fi ń wá sísán kùn ún, mo nù ún, mo tún kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Kò sán. Ibì kan ò sán.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ kó sán. N kò tíì gbàdúrà kí ẹ̀rọ mi bàjẹ́ rí láyé mi, ọjọ́ yẹn ni mo gbà á. Bó bá ti sán, màá lè kọ̀wé sí yín pé ẹ wò ó, a ì bá ti kú sójú omi. Mo bi ẹnjiníà kejì pé, “Ṣé ì bá gbé wa dé?” Ó ní, “Ṣíìfù, ó lè gbé wa dé. Ó lè má gbé wa dé.” Mo tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, ohun kan náà ló sọ.

N kò ní mìíràn láti fún yín ju èyí lọ. Òpin ẹrù kò sọ pé ẹ̀rọ á bàjẹ́. Ohun tó sọ ni pé láti ibẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ mọ́. Mo dúró sí ibi tí mo mọ̀. Ìyá wa kú ní ibi tí n kò mọ̀.

Mo kọ wákàtí mẹ́wàá náà sílẹ̀ torí pé òótọ́ ni.

Àbúrò yín


Ilé
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi,

O kú iṣẹ́, o kú ojú òkun. Ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Kì í ṣe ìbínú mọ́. Ìtìjú ni.

O bi mí nígbà yẹn pé kí ni Màmá sọ nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ fún wọn. N kò fèsì. Mo kà á fún wọn, gbogbo rẹ̀, bọ́tìnì, gíláàsì àti ọmọ mẹ́rin ẹnjiníà kejì. Wọ́n wá ní, “Kọ̀wé sí i pé kó má sáré. Kọ ọ́ lónìí.” Mo ní mo ti gbọ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n bi mí, “Ṣé o ti kọ ọ́?” Mo ní mo ti kọ ọ́. Irọ́ ni mo pa fún ẹni tó ń kú lọ. N kò kọ ọ́, torí pé mo fẹ́ kí o sáré.

Ọjọ́ mẹ́fà tó o fi ń retí mi, ohun tí mo ń ṣe nìyẹn. Mo rò pé bí n kò bá dáhùn, o máa bẹ̀rù, o máa tún lọ ṣí gíláàsì yẹn.

Ó ku ọ̀kan. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, lọ́jọ́ kejì lẹ́tà tó o ti béèrè oorun ọ̀sán, mo ti kọ òótọ́ fún ọ. Mo kọ ọ́ parí, ẹsẹ̀ tó wú, apá ọ̀tún, gbogbo rẹ̀. Mo wo Màmá, mo wo fóònù, mo pa á rẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí ẹ tó ṣí. Mo ń ka wákàtí mẹ́ta sí ọ lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, o jọ̀ọ́, n kò mọ èyí tó yẹ kí n kọ.

Nítorí kí n má tún ṣe irú rẹ̀ mọ́ ni mo ṣe ń sọ èyí: òòyì ti ń kọ́ mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé. Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ fún mi lápá, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru ju bó ṣe yẹ lọ, ó fún mi ní oògùn. Mo ti fẹ́ fi pamọ́. N kò fi pamọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Lójú òkun
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú òtítọ́. Mo ka lẹ́tà yín, mo jáde sórí ọkọ̀, mo wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ má bẹ̀ mí. Bí ẹ bá ti bẹ̀ mí, èmi náà gbọ́dọ̀ bẹ̀ yín, kò sì ní sí ẹni tó máa gba ẹ̀bẹ̀ nínú wa. Wọ́n ní kí n má sáré. Ó ti dé etí mi báyìí. Ó pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé, mo sì gbé e dání.

Ọ̀rọ̀ ara yín ló kù. Ẹ lo oògùn náà láàárọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan aṣọ kankan, kódà bí ara bá yá gágá. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi ní ọjọọjọ́ Àìkú. Ẹ má yọ èyí tó ga kúrò.

Mo ti kọ ọjọ́ tí ọkọ̀ yìí máa wà ní èbúté láti ìsinsìnyí di ìparí ọdún. Ẹ dà á kọ sórí páálí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí ojú yín máa ń kàn án nígbà tí ẹ bá ń rán aṣọ: ọjọ́ kẹrin sí ìkẹsàn-án oṣù kẹfà, ọjọ́ kìíní sí ìkẹfà oṣù kẹjọ, ọjọ́ kejìlá sí ìkẹrìndínlógún oṣù kẹwàá, ogúnjọ́ sí ìkẹrìnlélógún oṣù kejìlá. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ilé iṣẹ́ wa tó wà lẹ́yìn káàdì tí mo fi sílẹ̀ lórí tábìlì. Wọ́n máa ń gbé e ní gbogbo ìgbà. Ẹ sọ orúkọ ọkọ̀, ẹ ní ọ̀gá ẹnjiníà lẹ ń wá, ẹ ní ilé ni.

Bí ara bá yí padà, ẹ má kọ lẹ́tà, ẹ má sì dúró wò ó bóyá á lọ fúnra rẹ̀. Ẹ wo ògiri. Bí ọjọ́ náà bá bọ́ sínú àwọn ọjọ́ èbúté, ẹ pè kí wọ́n tó tú okùn ọkọ̀.

Àbúrò yín